Bẹ́ ẹ ṣe lè tú ìtàn ìlú kékeré kan ní Skọ́tlándì: ẹ jẹ́ ká fi Annan ṣàpẹẹrẹ

Ẹ̀yin tíṣẹ́ tàbí ilé-ìwé gbé dé àwọn ìlú kéékèèké Skọ́tlándì tẹ́nì kankan nílé ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ẹ má rò pé ìlú yẹn ò nítàn o. Ó nítàn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ débi tó ń yani lẹ́nu: ta ló ń gbé ilé wo, èló ló ń san, yàrá mélòó ló ní fèrèsé, ọmọge wo ló lóyún tí wọ́n pè é síwájú àwọn alàgbà ìjọ. Wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe pé ìwé ò sí, ìwé ló pọ̀ jù, téèyàn ò bá mọ ibi táá ti bẹ̀rẹ̀ á kàn máa ka ìtàn ọba àti ogun títí, kò sì ní mọ nǹkan kan nípa àdúgbò tó ń gbé.

Annan ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Gúúsù Skọ́tlándì ló wà, níbi tí odò Annan ti fẹ́ wọ Solway, tẹ́ ẹ bá dúró létí omi níbẹ̀ tójú ọjọ́ sì mọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń wò lódìkejì yẹn. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ọmọ ibẹ̀ ni Hugh Clapperton, 1788 ni wọ́n bí i, dókítà ni bàbá ẹ̀ nílùú yẹn. Clapperton yìí ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì nígbà tí 1825 ń parí lọ, òun àti àwọn òyìnbó bíi mélòó kan, wọ́n gba Ìjànná kọjá, méjì nínú wọn, Captain Pearce àti Dókítà Morrison, ò tiẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ tí wọ́n fi kú, Clapperton wá dé Ọ̀yọ́-Ilé ní January 1826, ó rí Aláàfin, ọdún díẹ̀ ni sígbà yẹn kí Ọ̀yọ́-Ilé tó tú. Sókótó ló kú sí ní April 1827, ìránṣẹ́ ẹ̀ Richard Lander ló gbé ìwé tó ń kọ lójú ọ̀nà padà sílé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829, ọ̀fẹ́ lẹ lè kà á lórí Internet Archive. Katunga ló pe Ọ̀yọ́-Ilé, Jannah ló pe Ìjànná, torí náà tẹ́ ẹ bá fi orúkọ táwa ń pè é wá a nínú ìwé yẹn ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ó dáa. Níbo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Robert the Bruce, ọba Skọ́tlándì àtijọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé ìdílé Bruce ló ni Annandale, ìyẹn agbègbè odò Annan, láyé àtijọ́, ère ẹ̀ sì wà níbi Town Hall, àmọ́ àwọn tó ti kọ ìyẹn ti pọ̀ ju iyanrìn lọ. Nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ mú: ilé kan, afárá kan, òkúta sàréè kan, orúkọ kan tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Ká sọ pé afárá tó gba orí odò Annan kọjá ni, Robert Stevenson tó ń kọ́ ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi ló ya iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ ní 1827. Láti ibẹ̀ yẹn nìkan ẹ ti níṣẹ́ láti ṣe: ta ló sanwó, àwọn wo ló gbẹ́ òkúta, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá bí wọ́n bá ń gbowó. Ìbéèrè kékeré ló ń mú ìwé sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ "ìtàn Annan" lẹ kàn ń wá, ohun tó wà nínú ìwé pélébé táwọn àlejò ń mú ní mùsíọ̀mù náà lẹ máa bá bọ̀.

Máàpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. National Library of Scotland kó máàpù wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́, maps.nls.uk, ní tèmi o, kò sí sáìtì ìtàn tó dùn ún lò tó o. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín síbẹ̀, gbogbo máàpù tó kàn án ló máa tò sílẹ̀. Èyí táwọn ọmọ ogun ọba ń yà láàárín 1747 sí 1755 wà níbẹ̀, Roy ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Wood sì wà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń ya òpópónà wọn, ó ń kọ orúkọ onílé sára ilẹ̀ kálukú, 1826 ni ti Annan, ọdún tí ọmọ ìlú wọn wà ní Ọ̀yọ́-Ilé gan-an. Lẹ́yìn náà ni Ordnance Survey wá dé, ìyẹn ìjọba, àwọn yẹn ya àwọn ìlú kan tóbi débi pé ẹ ó rí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé àti ibi tí wọ́n ń so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́.

Ibi kan wà lórí sáìtì yẹn tẹ́ ẹ ti lè fi máàpù àtijọ́ sápá òsì, kẹ́ ẹ fi fọ́tò òde òní tí sátẹ́láìtì yà sápá ọ̀tún, bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbé ọwọ́ lórí ọ̀kan ni èkejì ń tẹ̀ lé e. Ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Máàpù àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹ ò ní rí afárá kankan lórí Solway. Ẹ ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí ìlà rélùwéè tó gùn tó wọnú omi lọ tààrà títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Solway Viaduct nìyẹn, 1869 ni wọ́n ṣí i, irin tútù tí wọ́n wà nílẹ̀ ní Cumberland ni wọ́n fẹ́ máa fi kó lọ sílé-iṣẹ́ irin ní Lanarkshire. Yìnyín ya lù ú ní January 1881, ó wó apá kan ẹ̀ lulẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tì í pa ní 1921, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1930 wọ́n ti tú u palẹ̀. Lórí fọ́tò sátẹ́láìtì, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ létí omi ṣì ń hàn. Báyìí ẹ ti ní ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ tẹ́ ẹ lè gbé lọ wá nínú ìwé ìròyìn.

Ìwé kejì tó yẹ kẹ́ ẹ kà ni Statistical Account. Sir John Sinclair kan ló fi ìbéèrè tó lé ní 160 ránṣẹ́ sí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo Skọ́tlándì, ó ní kí wọ́n kọ̀wé nípa àdúgbò wọn, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń jẹ, èló ni lébìrà ń gbà lójúmọ́, àrùn wo ló ń pa wọ́n, ẹja wo ló wà lódò. Èyí àkọ́kọ́ jáde láàárín 1791 sí 1799, wọ́n tún ṣe òmíì láàárín 1834 sí 1845. Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ka méjèèjì tẹ̀ léra, ẹ máa rí i bí ìlú ṣe yí padà láàárín ogójì ọdún lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé àlùfáà ló ń kọ̀wé, láyé ìgbà yẹn sì rèé, àwọn onílẹ̀ ńlá ló sábà ń yan àlùfáà sípò, ẹ má retí kó bú ẹni tó fún un lóúnjẹ. Tó bá kọ ọ́ pé àwọn tálákà ìlú wà "ní ìtẹ́lọ́rùn," ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ lọ wo ìwé ìjọ fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ lórí ìwé ìjọ yẹn torí òun gan-an ló dùn jù. Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ni wọ́n ń pè ní kirk session, àwọn ló ń bójú tó tálákà, àwọn náà ló ń ṣe bí ọlọ́pàá ìwà. Wọ́n á pe ẹni tó ṣàgbèrè, ẹni tó mutí yó lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn méjì tó ń bú ara wọn lójú pópó, akọ̀wé á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ohùn ẹlẹ́rìí pàápàá. ScotlandsPeople, sáìtì ìjọba, ti ya àwòrán púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, àmọ́ ẹ ò lè kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀ kó bá yín wá a, àfi kẹ́ ẹ máa ṣí i lójú ewé lójú ewé bí ìgbà téèyàn ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó. Ìjọ ní aṣọ dúdú kan tí wọ́n ń fi bo pósí, ẹni tó bá ṣòkú á háyà ẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ àti owó tó san. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wọn ò kọ ìwé ìsìnkú dáadáa rárá, kò sí ọjọ́ ikú, kò sí nǹkan kan, owó aṣọ òkú yìí nìkan ló kù tó fi hàn pé ẹni yẹn kú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i.

Ìwé ìrìbọmi náà ní ihò. Kò pọn dandan kéèyàn forúkọ ọmọ sílẹ̀ kó tó di 1855, àwọn tó bá sì kúrò nínú ìjọ ìjọba lọ dá tiwọn sílẹ̀ kì í sábà wà nínú ìwé yẹn. Láàárín 1783 sí 1794 ìjọba tún fi owó orí pẹ́nì mẹ́ta lé orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tálákà wo lá fẹ́ san ìyẹn? Clapperton gan-an, àárín ọdún owó orí yìí ni wọ́n bí i. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá ẹnì kan láàárín àkókò yẹn tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ má sọ pé wọn ò bí i sílùú yẹn.

Láti January 1855 lọ, nǹkan rọrùn. Ìjọba gba ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sọ́wọ́, ìwé ikú Skọ́tlándì sì dáa ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì, torí ó máa ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá òkú, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ìyá yẹn ti wá. Obìnrin wọn kì í pàdánù orúkọ ilé bàbá ẹ̀ nínú ìwé, ẹ ó rí méjèèjì tí wọ́n kọ pọ̀ títí dórí òkúta sàréè. Ti 1855 fúnra ẹ̀ tún yàtọ̀, ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn èèyàn lọ́dún yẹn pọ̀ débi pé wọ́n gé e kù lọ́dún kejì: ìwé ìbí ọdún yẹn á sọ ọjọ́ orí bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ti bí wọn, ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí tẹ́lẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà kí ẹni tẹ́ ẹ ń wá bímọ ní 1855 jàre.

Orí ScotlandsPeople náà nìyẹn wà, àmọ́ eléyìí ń gbowó. Wíwá orúkọ jẹ́ ọ̀fẹ́, rírí àwòrán ojú ewé ló ń gba kírẹ́díìtì, ẹ wo iye tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ torí ó lè yí. Ọgbọ́n tí mo lè fún yín ni pé kẹ́ ẹ má fi owó wá èèyàn láìmọ ọdún, torí orúkọ wọn ń pa ara wọn jọ: Johnstone, Irving, Bell, Carruthers ló kún gbogbo Annandale, wọ́n sì máa ń sọ àkọ́bí ọkùnrin lórúkọ bàbá bàbá ẹ̀, wọ́n á sọ èkejì lórúkọ bàbá ìyá ẹ̀, ẹ ó wá rí John Irving bíi márùn-ún lópòópónà kan, tí gbogbo wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti orúkọ ìyàwó lẹ máa fi dá wọn mọ̀.

Ìkànìyàn, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é, ti 1841 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ torí látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo èèyàn sínú ẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ orí tó wà nínú ti 1841 torí wọ́n ní kí akọ̀wé máa gé ọjọ́ orí àgbàlagbà wálẹ̀ sí ìlọ́po márùn-ún, ẹni ọdún 44 á di 40. Ti 1861 ni kẹ́ ẹ ṣí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìlú. Ẹ fi ìka tọ ìlà kan lọ láti òsì sí ọ̀tún: orúkọ òpópónà, orúkọ èèyàn, ohun tó jẹ́ sí olórí ilé, bóyá ó ti gbéyàwó, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti bí i, lápá ọ̀tún pátápátá ẹ ó rí iye ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé àti iye yàrá tó ní fèrèsé. Yàrá oní-fèrèsé yẹn, Skọ́tlándì nìkan ló bèèrè ẹ̀, wọn ò bèèrè ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Ẹ ó rí nọ́ńbà 1 léraléra. Ẹ ka àwọn tó ń sùn sínú yàrá kan yẹn, bàbá, ìyá, ọmọ, ìyá àgbà, ẹni tó wá háyà ibùsùn, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láìsí pé ẹnì kankan ṣàlàyé fún yín. Tẹ́ ẹ bá wá ń rí "Ireland" léraléra níbi tí wọ́n ti ń kọ ibi tí wọ́n ti bí èèyàn, ẹ dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ lọ wádìí iṣẹ́ tó gbé wọn wá sílùú yẹn.

Valuation Roll ló máa bá yín di àárín ìkànìyàn kan sí òmíì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1855, ọdọọdún ni, ó ń kọ lańlọ́ọ̀dù, ayálégbé àti owó ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ jìn ju ìyẹn lọ, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé ṣáájú 1700 ò rọrùn ún kà, National Records of Scotland ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ lè fi kọ́ ọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọdún. Láti 1600 ni Skọ́tlándì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun ní January 1, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1752, March 25 ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Annan wà ní bódà, ọdún tó wà lórí lẹ́tà tí wọ́n kọ ní February lódìkejì omi lè fi ọ̀kan dín sí ti èyí tí wọ́n kọ ní Annan lọ́sẹ̀ kan náà. Torí bódà yìí náà ni ìwé àtijọ́ wọn ò ṣe pọ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ ìlú yẹn ní 1547, wọ́n sì run ṣọ́ọ̀ṣì ìlú.

Ìwé ìròyìn wá ńkọ́? Annandale Observer bẹ̀rẹ̀ ní 1857. Kó tó dìgbà yẹn, ti Dumfries lẹ máa kà: Dumfries Weekly Journal bẹ̀rẹ̀ ní 1777, Dumfries and Galloway Courier ní 1809. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Henry Duncan ló dá Courier sílẹ̀, pásítọ̀ Ruthwell ni, nítòsí Annan níbẹ̀, òun náà ló dá báńkì àwọn tálákà sílẹ̀ ní 1810 kí wọ́n lè máa fi ṣílè díẹ̀díẹ̀ pamọ́, òun náà ló tún to àgbélébùú olókùúta Ruthwell tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan ò mọ̀ pé èèyàn ń sinmi. British Newspaper Archive ń gbowó, ṣùgbọ́n ẹ bi láíbìrì yín kẹ́ ẹ tó sanwó, àwọn míì máa ń jẹ́ kéèyàn kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà ló ka àwọn ìwé ìròyìn yẹn, ó sì máa ń ṣì í kà: nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1800, lẹ́tà s wọn gùn bíi f, torí náà ẹ kọ f sí ibi s nígbà míì kẹ́ ẹ wo ohun tó máa jáde. Ẹ má sì ka ìròyìn ńlá nìkan. Ìpolówó ọjà, ẹjọ́ kóòtù àti ojú ewé ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ bí ìlú ṣe ń jẹun.

Ohun kan wà tí mo rò pé kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ wa pàápàá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú, £20 mílíọ̀nù ni wọ́n san, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san án fún o, wọn ò fún ẹrú ní kọ́bọ̀. University College London ti kó orúkọ àwọn tó béèrè owó yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi ibi tí wọ́n ń gbé wá wọn. Ẹ kọ orúkọ ìlú tàbí agbègbè yín síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan, ẹ gbé orúkọ yẹn padà sórí máàpù, kẹ́ ẹ wo ilé tó kọ́, kẹ́ ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì tó fowó sí. Tẹ́ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wá a, ẹ má fẹ̀sùn kan ìlú lásán.

Ó ku àwọn èèyàn. Ní Annan, mùsíọ̀mù wà ní Bank Street, ní Dumfries, Ewart Library ni kẹ́ ẹ lọ, ibẹ̀ ni ìwé agbègbè yẹn pọ̀ sí. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, pàápàá nígbà òtútù. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, ní ilé àkójọ ìwé wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú bíró súnmọ́ ìwé àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá ń ya fọ́tò ilé lójú pópó, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe, èèyàn dúdú tó dúró tó ń ya ilé onílé máa ń fa ìbéèrè, ìkíni yẹn sì lè sọ ìbéèrè di tíì àti bísíkíìtì. Ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ kan dání lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ẹ má bi wọ́n pé "báwo ni ìlú yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀," wọ́n á ní "ó dáa," ó parí. Ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Chapelcross, ilé-iṣẹ́ iná núkílíà tí wọ́n ṣí ní 1959 tí wọ́n tì ní 2004, ṣì wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n nípa bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ àti oúnjẹ káńtíìnì.

Wọ́n á sọ ìtàn fún yín tó dùn ju òótọ́ lọ náà. Wọ́n máa ń sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti Solway Viaduct pa, àwọn ọkùnrin ìlú máa ń fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday lọ mutí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí pọ́ọ̀bù Skọ́tlándì kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday nígbà yẹn. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì gbé e mì. Òfin tó ti pọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday wà lóòótọ́, láti 1853, afárá yẹn sì dúró lófo láti 1921 títí wọ́n fi tú u, torí náà ó ṣeé ṣe. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ lọ wá a nínú ìwé ìròyìn àwọn ọdún yẹn bóyá wọ́n gbé ẹnì kan lọ sí kóòtù torí pé ó rìn níbi tí kò yẹ. Kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ kọ ọ́ pé "àwọn àgbà sọ pé."

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ímeèlì sí ilé àkójọ ìwé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀: orúkọ, ọdún, òpópónà, àti ìwé tẹ́ ẹ ti wò tẹ́ ò rí nǹkan. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Annan fún mi," líǹkì ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. "Mo ń wá ẹni tó ń gbé ilé tó wà ní igun afárá ní 1826, mo ti wo máàpù Wood," ẹni tó wà nídìí tábìlì yẹn á dìde lọ gbé àpótí.